Tẹ́ẹ̀sì jíìnì IL28B fún ẹni tó ń ṣe dayálísísì: òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kàn

Orúkọ mẹ́ta ni ẹ lè bá a lórí ìwé iye owó láàbù: IL28B, IFNL3 tàbí IFNL4. Ojú ibì kan náà ni gbogbo wọn ń wò lórí krómósóòmù 19. Ẹni tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C (hepatitis C) ni wọ́n ṣe é fún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ bóyá ara ẹni náà lè dá fáírọ́ọ̀sì náà lé lọ, tàbí bóyá abẹ́rẹ́ interferon, ìtọ́jú àtijọ́ fún àrùn náà, máa ṣiṣẹ́ fún un. Fún ẹni tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nítorí kíndìnrín, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé "C" ti wọ̀ ọ́ lára, ó máa ń dà bí ohun tí kò yẹ kó fò dá.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ gbọ́ ibi tí a fì sí: nínú máàkì márùn-ún, méjì la fún un. Àyẹ̀wò náà kò purọ́. Ohun tó ń sọ ni ayé ti sáré kọjá. Bí owó ọwọ́ yín bá tó àyẹ̀wò kan péré, RNA, èyí tó ń wo bóyá fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú ẹ̀jẹ̀, ni kẹ́ ẹ ṣe. Bó bá tó méjì, ẹ ṣe RNA, kẹ́ ẹ sì fi jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kún un. Ẹ fi ìyókù pamọ́ de oògùn.

Ohun tí àyẹ̀wò náà ń wò

Ọdún 1989 ni wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C mú. Àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn la ọ̀nà yẹn, Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń rí i pé àrùn náà kì í ṣe gbogbo èèyàn bákan náà. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá kó o, ara àwọn bíi 15 sí 45 máa ń lé e dànù láàárín oṣù mẹ́fà, láìlo oògùn kankan. Ara àwọn yòókù ló máa ń fìdí kalẹ̀ sí, tí á sì máa dá àpá sí ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ní 2009, àwọn olùwádìí láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kan ojú ibì kan náà: lẹ́tà DNA kan nítòsí jíìnì IL28B, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ rs12979860. Ẹni tó jogún lẹ́tà C lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún un lọ́dọ̀ ìyá (CC), ara rẹ̀ máa ń tètè borí fáírọ́ọ̀sì náà, abẹ́rẹ́ interferon sì máa ń ṣiṣẹ́ fún un tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó jẹ́ TT, ìyẹn ẹni tó jogún lẹ́tà T lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Lọ́dún 2013, wọ́n rí jíìnì kan tó fara pa mọ́ síbẹ̀, IFNL4. Ẹni tó ní irúfẹ́ tí wọ́n ń kọ ní ΔG lè ṣe prótíìnì kan tó ń jẹ́ interferon lambda 4. Ẹni tó jẹ́ TT/TT (irúfẹ́ kejì ti IFNL4, kì í ṣe TT ti òkè yẹn) kò lè ṣe é rárá. Ẹni tí kò lè ṣe é gan-an ló sì ń borí àrùn! Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé lára àwọn tó ní ΔG, àwọn jíìnì tí interferon máa ń ta jí nínú ẹ̀dọ̀ ti wà lójúfò tipẹ́, débi pé tí abẹ́rẹ́ bá dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó kù fún un láti ta jí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá ní tààràtà. Ẹ̀jẹ̀ àádọ́rùn-ún èèyàn láti ọgbọ̀n ìdílé Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn wà lára ohun tí iṣẹ́ HapMap fi ṣe àkójọ ìyàtọ̀ jíìnì àwọn ènìyàn àgbáyé. YRI ni wọ́n ń kọ fún wọn nínú ìwé ìmọ̀ títí dòní. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé ΔG ló gbilẹ̀ jù lọ́dọ̀ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nígbà tó jẹ́ pé irúfẹ́ tó ń ran ara lọ́wọ́ (TT ti IFNL4) ni èyí tó pọ̀ jù ní Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ìwádìí 2009 yẹn tún fi hàn pé ìyàtọ̀ lẹ́tà yìí ṣàlàyé nǹkan bí ìdajì ìdí tí interferon kò fi ṣiṣẹ́ fún àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà tó bó ṣe ṣiṣẹ́ fún àwọn aláwọ̀ funfun. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ sanwó ní Èkó tàbí ní Pẹ́kámù ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé ó ṣeé ṣe gan-an kí èsì tó máa gbà jẹ́ èyí tí ìwé ń pè ní "kò dára", kó sì máa ronú kiri nítorí ohun tí kò ní yí ìtọ́jú rẹ̀ padà.

Àwọn jíìnì míì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. HLA-B*57, HLA-B*27 àti HLA-DQB1*03:01 wà lára àwọn tí wọ́n rí i pé ó ń ran ara lọ́wọ́ láti lé fáírọ́ọ̀sì náà, àti KIR2DL3 nígbà tó bá bá irú HLA-C kan pàdé. Ní Poznań, ní Pólándì, àwọn olùwádìí ti wo irú àwọn jíìnì ìdáàbòbò ara bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláìsàn dayálísísì fúnra wọn. Iṣẹ́ gidi ni fún ìmọ̀. Kò tíì sí ìlànà ìtọ́jú kankan tó ní kí dókítà fi èsì wọn pinnu oògùn tó máa kọ fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà méjì sí mẹ́ta ti tó, nínú túùbù EDTA olómorí elésè àlùkò. Ẹ rọra dojú rẹ̀ dé ní bíi ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń fi òwú ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dípò ẹ̀jẹ̀; bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí aláìsàn má jẹ, kó má mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Láàbù á yọ DNA, á fi PCR (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ DNA di púpọ̀ kó lè ṣeé kà) wo lẹ́tà náà, ó parí. Jíìnì kì í yí padà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan láyé ni èèyàn ń ṣe é. Ẹni bá ní kẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́dọọdún, owó ló ń wá.

Ọ̀nà tó máa ń gbà bàjẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn dayálísísì ni heparin. Bí nọ́ọ̀sì bá dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, tó wá fa ẹ̀jẹ̀ láti ara ọ̀pá rẹ̀, heparin tí wọ́n fi ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀ á ti wọ inú túùbù, heparin sì máa ń dí PCR lọ́wọ́. Èsì á wá jẹ́ "invalid", tàbí kí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá. Túùbù olómorí aláwọ̀ ewé náà ní heparin nínú. Ẹ má gbà á. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kó tó di pé wọ́n so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ, ṣáájú heparin. Bó bá jẹ́ ọ̀pá ọrùn ló ń lò, tí wọ́n fi heparin tì, kí wọ́n fa èyí tó wà nínú ọ̀pá náà dànù kí wọ́n tó gba ti àyẹ̀wò. Ẹni tó ti gba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíì rí, kó sọ fún láàbù, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gbé jíìnì ẹni tó fún un.

Ibi tó ń da orí rú jù lọ ni ìwé èsì. Lórí ìlà rs12979860, C ni lẹ́tà rere, TT ló burú jù. Lórí ìlà rs8099917, tí àwọn láàbù mìíràn máa ń lò dípò rẹ̀, T ni lẹ́tà rere, G ni kò dára. Lórí ìlà IFNL4, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ rs368234815, TT/TT ló dára jù, ΔG/ΔG ló le jù. Ìwé kan lè gbé "TT" jáde kó jẹ́ ìròyìn ayọ̀, òmíràn á gbé "TT" jáde kó jẹ́ òdì kejì rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà rs kẹ́ ẹ tó ka lẹ́tà. Èsì tí kò bá kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Bí ẹ bá sì ti pinnu láti sanwó, ẹ béèrè fún IFNL4, torí òun ló ń sọ ojú abẹ níkòó jù lọ́dọ̀ àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá.

Ìdí tí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀

Nígbà tó jẹ́ pé interferon àti ribavirin nìkan ló wà, àyẹ̀wò yìí wúlò gan-an. Ìtọ́jú nígbà náà le fún ẹnikẹ́ni, ó sì burú jù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú. Abẹ́rẹ́ peginterferon alfa-2a, 180 máíkírógíráàmù lọ́sẹ̀ ni àwọn yòókù ń gbà. 135 ni wọ́n ń fún ẹni tó wà lórí dayálísísì, pẹ̀lú ibà, àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kíndìnrín ló ń kó ribavirin jáde nínú ara, ẹ̀rọ dayálísísì kì í sì í fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, torí náà á ṣẹ́jọ, á máa fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀, tó ń gba abẹ́rẹ́ erythropoietin kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ni wọ́n wá ń bá fi èyí kún un. Nígbà yẹn, bí IL28B bá sọ pé "CC", ó yẹ kí èèyàn fara da ìyà náà. Bó bá sọ pé "TT", dókítà lè ní kí a dúró ná.

Oògùn oníhóró tó ń kọlu fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti gba ipò yẹn. Nínú ìwádìí EXPEDITION-4, àwọn 104 tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lórí dayálísísì, lo glecaprevir pẹ̀lú pibrentasvir fún ọ̀sẹ̀ 12. 102 nínú wọn ni fáírọ́ọ̀sì náà kúrò lára wọn pátápátá. Ìwádìí C-SURFER fi elbasvir pẹ̀lú grazoprevir rí irú èsì bẹ́ẹ̀ fún genotype 1, ìyẹn irú kìíní fáírọ́ọ̀sì náà. Sofosbuvir pẹ̀lú velpatasvir náà yọrí dáadáa nínú ìwádìí àwọn 59 tó wà lórí ẹ̀rọ: nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí oògùn bá ń wo ẹni méjìdínlọ́gọ́rùn-ún tàbí márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sàn, kí ni lẹ́tà C tàbí T tún fẹ́ sọ tí dókítà máa fi ṣiṣẹ́?

Àwọn kan ń sọ pé ó ṣì wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n dúró oṣù mẹ́fà wò ó. Ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró. Ní ẹ̀ka dayálísísì, ìdí mìíràn tún wà láti má dúró: ẹni tí fáírọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀ ń pín yàrá, nọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ oògùn pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ohun tí owó náà lè ṣe dípò rẹ̀

Àyẹ̀wò áńtíbọ́dì (ohun tí ara ń pèsè láti bá fáírọ́ọ̀sì jà), bíi SD Bioline tàbí OraQuick, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe. Kò wọ́n, ó yá. Àléébù rẹ̀ ni pé ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kì í tètè pèsè áńtíbọ́dì. Àìlera kan náà ló fà á tí wọ́n fi ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ní ìwọ̀n 40 máíkírógíráàmù, ìlọ́po méjì ti àgbàlagbà yòókù. Tẹ́ẹ̀sì lè sọ pé "kò sí" nígbà tó wà. ALT pàápàá, èròjà ẹ̀dọ̀ tí dókítà máa ń wò, máa ń rẹlẹ̀ lára wọn, nítorí náà iye tó jọ pé ó dára lórí ìwé lè jẹ́ àmì ìjà. Ìdí nìyẹn tí FIB-4 àti APRI, ìṣirò àpá ẹ̀dọ̀ tí AST (èròjà ẹ̀dọ̀ mìíràn tó máa ń rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀) wà nínú wọn, fi lè fojú kéré àpá tó wà níbẹ̀. Bí FibroScan, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó, bá wà nítòsí, òun la máa yàn.

RNA ló ń sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ lónìí. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n ń fi wá ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba lè ṣe é bí katirííjì jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C bá wà. Mílílítà kan plasma (omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀) ló ń gbà, èsì sì ń jáde láàárín wákàtí méjì. Katirííjì ni kẹ́ ẹ béèrè. Kí wọ́n ní ẹ̀rọ nìkan kò tó. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ṣáájú dayálísísì fún èyí náà: yàtọ̀ sí heparin, fáírọ́ọ̀sì lè lẹ̀ mọ́ asẹ́ ẹ̀rọ, kí iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ dínkù fúngbà díẹ̀. Kí wọ́n ya plasma sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà.

Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B kò ṣeé fò: àyẹ̀wò HBsAg, tó ń sọ bóyá B wà lára báyìí, àti anti-HBc, tó ń sọ bóyá ó ti wọ ara rí. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba ti 2018 rí B lára 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, C lára 1.1. Bí B bá fara pa mọ́, tí oògùn bá wá lé C lọ, B lè jí dìde kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Láti 2016 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yẹn sára gbogbo oògùn wọ̀nyí.

Nípa oògùn fúnra rẹ̀: glecaprevir pẹ̀lú pibrentasvir, tí ẹ mọ̀ sí Maviret tàbí Mavyret, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ ni, pẹ̀lú oúnjẹ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún ẹni tí kò lo oògùn C rí. Dayálísísì kì í fọ̀ ọ́ jáde, torí náà ẹ kò ní tún un lò lẹ́yìn tí ẹ bá ti orí ẹ̀rọ dìde. Kò yẹ ẹni tí ikùn rẹ̀ ti ń kún fún omi nítorí ẹ̀dọ̀, kò sì bá atorvastatin lọ rárá. Èyí tó sábà máa ń wà fún àwọn tó ń san owó fúnra wọn ni sofosbuvir 400 mg tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ daclatasvir 60 mg tàbí velpatasvir 100 mg, hóró kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn dókítà kan ṣì ń bẹ̀rù sofosbuvir fún aláìsàn kíndìnrín torí ìkìlọ̀ àtijọ́. Ní oṣù kọkànlá 2019 ni FDA ti yọ ìdènà yẹn kúrò. Omeprazole, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn dayálísísì ń lò, máa ń dí velpatasvir lọ́wọ́ láti wọ ara. Ẹni tó ń lo amiodarone fún ọkàn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sofosbuvir láìsí dókítà ọkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rifampicin àti carbamazepine ń ba gbogbo wọn jẹ́. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé lọ sọ́dọ̀ fámásísì, àti àgbo náà.

Ẹni tó ń retí kíndìnrín tuntun, kó bá ẹgbẹ́ ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Níbi tí wọ́n ti ń gba kíndìnrín lọ́wọ́ olóògbé tó ní C, ẹni tí C ṣì wà lára rẹ̀ lè tètè rí, kí wọ́n wá tọ́jú C lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Níbi tó jẹ́ pé ẹbí ló ń fúnni, kò sí ìdí láti dúró.

Jíìnì kankan kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀ka dayálísísì tó dọ̀tí. Fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà láàyè lórí ohun tó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fojú sí ni ìgò heparin kan tí wọ́n ń fa fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kẹ̀kẹ́ oògùn tí wọ́n ń tì láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀wọ́ tí wọn kò pààrọ̀, àti ìdáàbòbò ojú òṣùwọ̀n ìfúnpá ara ẹ̀rọ tí ẹ̀jẹ̀ ti rin tí wọ́n sì fi sílẹ̀. Kí wọ́n fi bleach nu àga àti ojú ẹ̀rọ láàárín aláìsàn méjì, ìwọ̀n kan sí omi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìlànà KDIGO, àjọ àgbáyé lórí ìtọ́jú kíndìnrín, ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo èèyàn wò lóṣù mẹ́fàmẹ́fà. Kò ní kí wọ́n ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ fún ẹni tó ní C. B ló nílò ìyẹn. Ẹ̀ka tó bá ń lé aláìsàn C nítorí pé "ẹ̀rọ C kò sí" kò tẹ̀lé ìlànà.

Owó kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni níbí. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé iye dayálísísì kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Síbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ 36,000, kẹ́ ẹ tó ra oògùn kan.

Lẹ́yìn tí oògùn bá parí, ẹ ka ọ̀sẹ̀ 12, kẹ́ ẹ tún RNA ṣe. Bí kò bá sí, ó ti kúrò nìyẹn. Áńtíbọ́dì á ṣì máa jáde bíi "pọ́sítíìfù" fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé RNA náà mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sínú fáìlì dayálísísì. Nọ́ọ̀sì tuntun tàbí ilé ìwòsàn ìlú mìíràn tó bá fi tẹ́ẹ̀sì áńtíbọ́dì yẹ̀ yín wò, òun ni kẹ́ ẹ fi hàn án. Láti ìgbà yẹn lọ, RNA ni kí wọ́n máa fi yẹ̀ yín wò lóṣù mẹ́fàmẹ́fà, torí èèyàn lè tún un kó.